Ta Ló Gba Èémí Lẹ́nu Alágẹmọ Herr Lüders?

Jens gbé igo náà kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ti mú olè. Igo kékeré kan ni, kò ní ìwé lára, omi inú rẹ̀ sì ti lọ sí ìdajì.

"Inú àpò obìnrin yẹn ni mo ti rí i," ó wí. "Májèlé ni. Òun ló fi pa Passat, òun náà ló sì ń fi pa Monsun lọ́wọ́."

Èdè Jámánì ló fi ń sọ ọ́. Èmi náà fi èdè Jámánì dá a lóhùn, nítorí ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń fi èdè wọn bá wọn jà.

"Ta ló sọ fún ọ pé májèlé ni?"

"Kí ló tún lè jẹ́? Ọlọ́pàá ti bu díẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì máa gbà. Ṣebí ní ilẹ̀ yín, ẹ máa ń fi alágẹmọ ṣe oògùn?"

Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ fi alágẹmọ ṣe oògùn, gbígbé ló máa gbé e lọ. Kò ní fi í sílẹ̀ sínú àpótí kó máa wúkọ́."

Fún ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa mi, Ṣẹ̀fíátù Akínlabí ni orúkọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu, ní Hamburg níbí. Mi ò kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá sọnù láàárín àwa Yorùbá ìlú yìí, tàbí tí ọ̀rọ̀ kan bá dojú rú, ilé mi ni wọ́n ń gbé e wá. Èmi ni mo rí ẹni tó ń já lẹ́tà Alhaji Bádárù kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo rí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sọ̀rètí nù. Mi ò fọ́nnu o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ti oṣù kejì ọdún 1993 yìí, àwọn alágẹmọ mẹ́ta ló dá a sílẹ̀. Herr Lüders, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló ń sìn wọ́n ní àjà kẹsàn-án ní àdúgbò Steilshoop. Kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló máa ń wo ojú ọjọ́ fún àwọn ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, ìdí nìyẹn tó fi fi orúkọ atẹ́gùn sọ àwọn ẹran rẹ̀: Passat, Monsun, Taifun. Passat kú ní oṣù kejìlá. Monsun ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú mi báyìí. Taifun nìkan ni ara rẹ̀ le. Jens, ọmọ àbúrò bàbá náà, sì ti fẹ̀sùn kan Hàfúsátù Adéoyè, ọmọ wa tí ilé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ń rán wá síbẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, láti agogo méjìlá dé agogo mẹ́rin.

Ọjọ́ Ajé la wà. Ní Ọjọ́bọ̀, ilé iṣẹ́ náà máa pe Hàfúsátù wá rojọ́. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó ní láti gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, kí wọ́n lè fi ọdún kún ìwé ìgbélùú rẹ̀. Tí wọ́n bá lé e ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ìwé kankan tó máa gbé lọ ní Ọjọ́ Ẹtì. Èkó ló máa padà sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń fún ẹran ní májèlé.

Mo súnmọ́ Monsun. Àpótí gíláàsì tó mọ́ tónítóní ló wà, ewé kún inú rẹ̀, iná ń tàn sí i. Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu, itọ́ ń hó ní ihò imú rẹ̀. Mo fa ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà jáde nínú báàgì mi, mo ṣí ilẹ̀kùn àpótí, mo gbé e lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tà, tà, tà. Mo mọ ìró yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lára ènìyàn.

"Herr Lüders, òkú Passat dà?"

Bàbá náà, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti ìgbà tí mo ti wọlé, dìde, ó lọ ṣí fìríìsà. Ààrin àwọn páálí ẹ̀wà tútù ló tọ́jú òkú náà sí. Ó fi í sínú ike áísíkirímù fún mi.

Bí Jens ṣe ń sìn mí dé ẹnu ẹ̀rọ agbénisókè, mo rí i pé nǹkan aláwọ̀ wúrà kan wà ní ìsàlẹ̀ èékánná rẹ̀.

"Fáníìṣì nìyẹn?"

"Iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo kun àwọn àpótí yẹn ní oṣù kẹwàá. Bọ̀dá bàbá mi ló kàn wọ́n. Wọ́n ń pààrọ̀ fèrèsé gbogbo ilé yìí nígbà yẹn, ó kó àwọn gíláàsì àtijọ́, ó fi wọ́n ṣe é. Inú àwọ̀n wáyà lásán làwọn ẹran náà wà tẹ́lẹ̀."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó nínú ẹ̀rọ náà. Fáníìṣì! Òórùn fáníìṣì nínú àpótí, ẹran kékeré ń fà á símú tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń pariwo olè gan-an ni olè. Ẹjọ́ ti parí, èmi Ṣẹ̀fíátù ti yanjú ẹ̀ kí n tó dé ìsàlẹ̀ ilé.

*

Mo wọ tírénì S-Bahn kọjá odò Elbe lọ sí Wilhelmsburg, níbi tí Hàfúsátù ń gbé. Hàfúsátù ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, Anti. Ẹ kú wàhálà mi."

"Dìde. Kí ló wà nínú igo yẹn?"

"Omi ni mà."

"Omi kí ni?"

Ó ń fi ọwọ́ tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Hàfúsátù, mo ní omi kí ni?"

"Omi lásán ni mà."

"Omi lásán lo gbé láti ibí dé Steilshoop? Wọn ò ní ẹ̀rọ omi níbẹ̀ ni?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Anti, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́láì, mi ò fún ẹran kankan ní májèlé. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ohun tó wà níbẹ̀, mi ò lè dé Àsàlátù mọ́ láyé mi."

Inú bí mi. "Ṣé Àsàlátù ló máa fún ọ ní ìwé ìgbélùú ni? Ọlọ́pàá ti bu omi lọ, ìwọ ń sọ Àsàlátù fún mi!"

Ó kàn ń sunkún ni. Mo bá a jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bá a jà. Kò sọ. Ọmọ náà jẹ́jẹ́ bí nǹkan míì, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun náà ló máa bẹ̀bẹ̀. Mo binú kúrò níbẹ̀.

Nínú tírénì ni ọkàn mi ti wá balẹ̀. Ẹni tó bá fún nǹkan ní májèlé, ọlọ́pàá ló máa bẹ̀rù. Èyí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Àwọn ìyá Àsàlátù ló ń bẹ̀rù. Nǹkan ìtìjú ló wà nínú igo yẹn, kì í ṣe nǹkan ikú.

*

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wọ tírénì lọ sí Berlin. Ẹ wo èmi, ìyá ọlọ́mọ, pẹ̀lú òkú alágẹmọ nínú ike áísíkirímù lórí itan mi. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń wo ike náà títí. Mo ní fún un pé áísíkirímù fànílà ni, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mọ̀ríámọ̀ ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Lichtenberg. Hamburg ni mo bí i sí, Jámánì ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun àti dókítà náà ti ilẹ̀kùn, wọ́n la Passat. Nígbà tó jáde, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kein Gift, Mama."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Kò sí májèlé, Mama. Dókítà wo ikùn ẹ̀, wọ́n wo ẹ̀dọ̀ ẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ló kún. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ti ki."

"Fáníìṣì ni," mo wí, mo na ìka sókè. "Mo ti mọ ẹni tó kùn ún."

Ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ iléèwé. "Àpótí mélòó ló kùn?"

"Mẹ́ta."

"Ọjọ́ kan náà?"

"Ọjọ́ kan náà."

"Und der dritte, Mama? Ẹnìkẹta ń kọ́? Kí ló dé tí ara tiẹ̀ le?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Gbogbo ọ̀nà láti Hamburg ni mo ti ń kí ara mi kú oríire, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún wá fi ìbéèrè kan ṣoṣo wó ilé mi lulẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní alágẹmọ fẹ́ràn kí omi kán sí ewé, ṣùgbọ́n ewé náà ní láti gbẹ kí òmíràn tó tún kán. Ó fẹ́ atẹ́gùn tó ń wọlé tó ń jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sínú àwọ̀n. Tí ibi tó wà bá lọ́rinrin, tó gbóná, tí atẹ́gùn kò sì ráyè, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, títí á fi máa la ẹnu wá èémí. Ó bu oògùn sínú igo fún Monsun, ó kọ bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Àwọn àgbà ní alágẹmọ ti bímọ tiẹ̀ ná, àìmọ̀-ọ́n-jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Tèmi mọ̀ ọ́n jó. Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú, ojú tì í, ó ní "Ach, Mama," ó wọlé.

*

Ní Ọjọ́rú, mo padà sí Steilshoop ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo fún bàbá ní oògùn Monsun. Jens wà níbẹ̀. Mi ò kí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbéèrè ọmọ mi ni mo gbé wá: kí ni Taifun ní tí àwọn tó kù kò ní? Mo yẹ àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Gíláàsì kan náà, igi kan náà, fáníìṣì kan náà, iná kan náà. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi ń fọ́n sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́. Ihò afẹ́fẹ́ inú ìkọ̀ọ̀kan kò ju ihò bọ́tìnì lọ. Omi ń ṣàn lára gíláàsì nínú gbogbo wọn.

Ìgbà yẹn ni mo rí nǹkan kan nínú àpótí Monsun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi. Àgbá kékeré kan ń yí díẹ̀díẹ̀, wọ́n wé pépà mọ́ ọn, kálámù tín-ín-rín kan sì ń fa ìlà sára pépà náà.

"Kí lèyí, Herr Lüders?"

Ojú bàbá náà tàn fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Láti ibi iṣẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni pépà kọ̀ọ̀kan. Mò ń gbé e yí àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, ọ̀sẹ̀ kan nínú èyí, ọ̀sẹ̀ kan nínú ìyẹn."

"Àwọn pépà tó ti kọjá ń kọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Mo tọ́jú gbogbo wọn!"

Ó kó wọn jáde láti oṣù kẹwàá. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo tẹ́ wọn sílẹ̀, ti Passat lápá kan, ti Monsun lápá kan, ti Taifun láàárín. Ti Passat: ìlà kan gbọọrọ ní òkè pátápátá, ọ̀rinrin kò dín tọ̀sán-tòru. Ti Monsun: bákan náà. Mo wo ti Taifun. Ti oṣù kẹwàá jọ tiwọn. Àmọ́ láti àárín oṣù kọkànlá, ìlà náà ń já wálẹ̀ ní bí agogo kan ọ̀sán, ó ń wà nísàlẹ̀, ó sì ń gun òkè padà lẹ́yìn agogo mẹ́rin.

Mo ka iye ìgbà tó já wálẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kan. Márùn-ún. Mo wo pépà mìíràn. Márùn-ún. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Ọjọ́ Àìkú, ìlà náà gbọọrọ.

"Mo rò pé ẹ̀rọ náà ló ń ṣe ségesège," Herr Lüders wí.

"Ẹ̀rọ tó mọ Ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ sí Ọjọ́ Ajé? Bàbá, ta ló ń wọ ilé yìí lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tó ń lọ ní agogo mẹ́rin?"

Jens fò sókè. "Òun náà ni! Mo sọ fún yín! Ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń da májèlé sí i!"

"Jókòó. Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn fún ló wà láàyè."

Ó jókòó. Mo yíjú sí bàbá. "Ní agogo kan, níbo lẹ máa ń wà?"

"Mo máa ń sùn. Lẹ́yìn oúnjẹ. Títí di agogo mẹ́rin."

"Ṣé Taifun ti ṣàìsàn rí?"

Ó ronú. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Oṣù kọkànlá. Òun ló kọ́kọ́ la ẹnu. Mo rò pé òun ló máa kú. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ yá fúnra rẹ̀."

Fúnra rẹ̀ kẹ̀. Mo gbé fóònù, mo pe Wilhelmsburg. "Hàfúsátù, máa bọ̀. Mo ti mọ̀ pé ìwọ lò ń ṣílẹ̀kùn Taifun. Èyí tó kù, ìwọ lo máa sọ ọ́."

*

Ó dé ní agogo mọ́kànlá, ìborùn rẹ̀ wà lórí rẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀ wú. Mo fà á sí kọ̀rọ̀, mo ní Yorùbá ni kó fi sọ fún mi, pé èmi nìkan ló máa gbọ́.

"Anti, omi Sẹmusẹmu ni."

"Ti Mẹ́kà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Màámi ló gbé e wá fún mi nígbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Wọ́n ní kí n fi pamọ́ fún ọjọ́ àìsàn. Taifun ló ń ṣàìsàn, Anti. Mo máa ń kírun Àílà níwájú àpótí rẹ̀, ó máa ń la ẹnu, ó máa ń wò mí. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ń kán omi náà sórí ewé fún un lẹ́yìn ìrun. Mo máa ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ àdúrà lè kàn án, títí mo fi máa fẹ́ lọ. Alágẹmọ kì í kúkú sáré. Nígbà tí Monsun bẹ̀rẹ̀, omi náà ti ń tán lọ, mo rò pé kò ní tó ẹni méjì."

"Ohun tó ò lè sọ nìyẹn?"

"Omi Mẹ́kà fún alágẹmọ, Anti! Ẹran tí gbogbo wọn ń sá fún! Kí ni àwọn ìyá máa pè mí?"

Súbúhánálláhì! Ọmọ yìí fẹ́ kí wọ́n dá òun padà sí Èkó nítorí kí àwọn obìnrin má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọjọ́ Àìkú.

"Omi yẹn ló wò ó sàn, àbí, Anti?"

"Ọlọ́run ló ń wò sàn, mi ò sì ní bá ọ jiyàn lórí omi Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó o ṣí ni pépà rí. Atẹ́gùn wọlé, ewé gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró ẹran náà sinmi. Àwọn tó kù kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Mo padà sọ gbogbo rẹ̀ fún Herr Lüders ní èdè Jámánì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fi ìlà hàn án. Mi ò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìlà ni bàbá yìí fi ogójì ọdún kà. Ó wo pépà, ó wo àwọn àpótí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Ó jókòó. "Ogójì ọdún ni mo fi sọ ojú ọjọ́ fún ọkọ̀ ojú omi," ó wí, "mi ò mọ èyí tó wà nínú pálọ̀ mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún àgbàlagbà tí kò ní ohùn.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Ìfẹ́ ló fi kan àwọn àpótí náà. Mo wá ṣe bí ọlọgbọ́n. Mo ní, "Herr Lüders, kò di dandan ká sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ yẹn pé àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀ ni, pé ẹ ti fa ẹ̀sùn yín padà."

Jens yára mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn dáa. Ẹnikẹ́ni ò ní fi bọ̀dá bàbá mi ṣẹ̀sín."

Bàbá náà ti mú kálámù.

"Nein," Hàfúsátù wí.

Gbogbo wa yíjú. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀, èdè Jámánì rẹ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Herr Lüders, oṣù mẹ́rin ni mo fi wẹ̀ yín. Èmi ni mò ń gé èékánná yín. Wọ́n pè mí ní ẹni tó ń fún ẹran ní májèlé níwájú ọlọ́pàá, ẹ̀yin sì dákẹ́. Tí ẹ bá kọ pé ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n á máa wò mí ní gbogbo ilé tí wọ́n bá rán mi lọ. Wọ́n á ní bóyá òun náà ni. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà máa sọ ohun tó wà nínú igo mi, bó ṣe wù kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó."

"Wọ́n máa sọ pé bọ̀dá bàbá mi ló pa ẹran rẹ̀!" Jens kígbe.

"Kí wọ́n má kọ ọ́ pé wọ́n pa á," Hàfúsátù dá a lóhùn. "Kí wọ́n kọ pé àpótí ni, pé wọn ò mọ̀."

Monsun nìkan là ń gbọ́. Bàbá náà wo Hàfúsátù, ó pẹ́ tó ti ń wò ó, mo sì rò pé ó máa ní ká jáde. Ó wá fa bébà funfun mọ́ra. Ó kọ ojú ìwé kan, ó kọ èkejì, ó lo rúlà láti fa ìlà Taifun sí i bó ṣe wà gan-an. Nígbà tó fọwọ́ sí i tán, ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn gíláàsì Monsun kúrò pátápátá.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá Hàfúsátù lọ síbi ìrojọ́ náà. Mo wọ bùbá mi tó dáa jù, mo sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sórí, ọ̀rọ̀ gígùn, nípa ọgbọ́n tí mo fi tú gbogbo rẹ̀ wò. Obìnrin tó jẹ́ olórí níbẹ̀ na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé lẹ́tà náà wá kí òun kà á. Hàfúsátù ní òun fúnra òun máa kà á. Ó dìde dúró, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró níbi tó le fún un, ó tún un kà. Nígbà tó dé ibi tí lẹ́tà tán, ó fi ti omi Mẹ́kà kún un láti ẹnu ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Olórí náà bu ọwọ́ lu ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lójú wa, ó ní kó gbé e lọ sí Ausländerbehörde ní àárọ̀ ọ̀la. Orí mi wú. Mo ti yanjú ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé mi, mo sì ti fi gbogbo wọn yangàn, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ẹnikẹ́ni yangàn bí mo ṣe fi ọmọ yìí yangàn lọ́jọ́ náà.

Obìnrin náà wá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Mo ní rárá. Mo ní ọmọ wa ti sọ ọ́ tán.